Àlà Inú Dísìkì: Yíyọ Ìpín Tí A Kò Fẹ́ Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà Tí Ó Ń Lo Linux

1. Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni a fẹ́ sọ. Iṣẹ́ kékeré kan ni a fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀, èyí ni bí a ṣe ń yọ ìpín tí a kò fẹ́ mọ́ kúrò nínú dísìkì kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux. Linux yìí ni ètò ìdarí ẹ̀rọ tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní ọdún 1991. Ẹnikẹ́ni ni ó lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó lò ó, kí ó sì tún un ṣe.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ará Lekki àti ará Ajah nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft fi òpin sí àtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún Windows 10. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ti pẹ́ díẹ̀ ni kò sì kún ojú ìwọ̀n tí Windows 11 ń béèrè. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nínú ọjà tòkunbọ̀ wa. Ẹni tí kò lówó láti ra tuntun a máa fi Linux sí èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, yóò fi í sí ẹ̀gbẹ́ Windows, kí ó lè máa dán an wò. Nígbà tí Linux bá ti mọ́ ọn lára, yóò fẹ́ yọ Windows kúrò kí àyè lè gbà á. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ìpín ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ wa kò ju ẹyọ kan lọ: yíyọ ìpín kò túmọ̀ sí pípa ohun tí ó wà nínú ìpín náà rẹ́. Ìwé tí ó ń sọ ibi tí àlà wà ni a ń yí padà. Ẹni tí kò mọ èyí lè ṣe àṣìṣe méjì. Ó lè sọ iṣẹ́ ọdún púpọ̀ nù ní ìṣẹ́jú kan. Ó sì lè ta ẹ̀rọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn pẹ̀lú gbogbo àṣírí rẹ̀ nínú, nígbà tí ó rò pé òun ti pa á rẹ́.

2. Ilẹ̀ àti sọ́fè

Bóyá ni a lè rí ẹni tí ó ń gbé láti Ìkátẹ̀ dé Ajah, àti láti Ajah dé Sangotedo, tí kò mọ ohun tí à ń pè ní sọ́fè. Ilẹ̀ etí ọ̀sà tí ó jẹ́ ẹrẹ̀ àti irà ni wọ́n kó iyanrìn dà sí ní ibi púpọ̀, tí wọ́n wá pín in sí pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì. Awọnlẹ̀ ni ó ń wọn ilẹ̀, tí ó ń ri òkúta àlà mọ́ igun rẹ̀, tí ó sì ń ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé. Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, agbára ìwé túbọ̀ pọ̀ sí i lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí á ṣe àkíyèsí nípa sọ́fè. Èkíní, kò sí ìlà kankan lára ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Iyanrìn tí ó wà nínú pulọ́ọ̀tì tèmi kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú tìrẹ. Inú ìwé ni ìlà wà. Èkejì, bí a bá fa ìwé sọ́fè ya, ilé tí ó wà lórí ilẹ̀ náà kò ní wó. Ẹ̀kẹta, bí ìwé kò bá sí mọ́, ẹlòmíràn lè gbé ìwé tuntun dé, kí ó sì kọ́ ilé tirẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ ilé ti àkọ́kọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ dísìkì rí. Dísìkì kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ṣùgbọ́n a lè pín in sí méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí Windows máa gbé inú ọ̀kan, kí Linux máa gbé inú èkejì. Ìpín ni a ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìwé tí ó ń sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ti gùn tó ni a ó máa pè ní ìwé-àlà nínú àlàyé wa yìí.

Ibì kan wà tí àfiwé náà kò dé. Bí sọ́fè bá sọnù ní Ajah, àwọn àgbà àdúgbò wà tí wọn yóò jẹ́rìí, ilé-ẹjọ́ sì wà. Kọ̀ǹpútà kò ní àgbà àdúgbò. Ohun tí ìwé-àlà bá wí ni ẹ̀rọ gbà. Ohun tí ìwé-àlà kò bá wí, ẹ̀rọ gbà pé kò sí níbẹ̀.

3. Bí ìwé-àlà ti rí

Oríṣi ìwé-àlà méjì ni a sábà máa ń bá pàdé. Èyí tí ó pẹ́ jù ni MBR, tí ó jáde ní ọdún 1983 nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà PC XT rẹ̀ dé. Dísìkì ẹ̀rọ náà kò ju mẹ́gábáìtì 10 lọ. Báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí dísìkì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un: báìtì 446 fún ètò tí ń jí ẹ̀rọ, 64 fún ìwé-àlà, àti 2 fún àmì ìparí. Ìpín mẹ́rin péré ni ó lè gba inú báìtì 64 náà, nítorí pé báìtì 16 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ jù mẹ́rin lọ ní láti sọ ọ̀kan di ìpín ńlá kan tí a ó tún pín àwọn mìíràn sínú rẹ̀.

Èkejì ni GPT, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí ń lò. Báìtì 128 ni ó ń fún ìpín kọ̀ọ̀kan, àyè ìpín 128 ni ó sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ó tún ń pa ẹ̀dà kejì ìwé-àlà mọ́ sí ìparí dísìkì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ẹ̀dà sọ́fè pamọ́ sí ọ́fíìsì ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ìṣirò kan. Bí ìpín kan bá tóbi tó gígábáìtì 200, tí a sì yọ ọ́ kúrò lórí dísìkì oní-MBR, báìtì mélòó ni ẹ̀rọ nu nù? Báìtì 16 ni. Gbogbo ìyókù, láti orí lẹ́tà dé orí àwòrán ìgbéyàwó, wà níbi tí wọ́n wà. Èyí ni ó mú kí iṣẹ́ náà yá kánkán tó bẹ́ẹ̀, òun náà sì ni ó mú kí ó léwu.

4. Mímọ ìpín kí á tó yọ ọ́

Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ohun àkọ́kọ́ ni kí á mọ ìpín kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ rẹ̀. Àṣẹ lsblk -f ni yóò fi hàn wá. Yóò to gbogbo dísìkì àti ìpín wọn lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú irú ètò fáìlì tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ibi tí Linux ti ń lò ó.

Ẹ jẹ́ kí á gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Badore ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí dísìkì rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 500, tí ó sì fi Linux kún Windows tí ó bá nínú rẹ̀. Ohun tí yóò rí lè dà báyìí: sda1, mẹ́gábáìtì 100, vfat, sda2, mẹ́gábáìtì 16, tí kò ní ètò fáìlì kankan, sda3, gígábáìtì 200, ntfs, sda4, gígábáìtì 1, ntfs, àti sda5, gbogbo ìyókù, ext4. Lórí dísìkì tí ó jẹ́ irú NVMe, orúkọ wọn yóò yàtọ̀, bí àpẹẹrẹ nvme0n1p1.

Ojú tí kò mọ̀ ọ́n yóò sọ pé sda1 ni ó kéré tí kò sì wúlò, kí á kọ́kọ́ yọ ọ́. Àṣìṣe ńlá gbáà ni. Inú ìpín kékeré yìí ni ètò tí ń jí ẹ̀rọ wà. Lóòótọ́, Windows ni ó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Linux dé, òun náà kó ẹrù tirẹ̀ síbẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Sda1 dà bí ẹnu géètì ẹ́sítéètì tí ó ya láti ojú títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́: kò sí ẹni tí ó kọ́ ilé sí ẹnu géètì, ṣùgbọ́n bí a bá mọ ògiri dí i, kò sí onílé tí yóò lè wọlé.

Àwọn tí ó jẹ́ ti Windows nìkan ni sda2, sda3 àti sda4. Sda3 ni ilé Windows gan-an. Sda4 ni ibi tí ó kó ohun èlò àtúnṣe ara rẹ̀ sí. Sda2 jẹ́ àyè tí ó yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀. Bí a kò bá ní padà sí Windows mọ́, a lè yọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sda5 ni ilé Linux. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Bí ó bá jẹ́ pé Linux ni ẹnìkan fẹ́ yọ, kí ó kọ́kọ́ ṣètò bí Windows yóò ṣe máa jí fúnra rẹ̀. Inú ìpín Linux ni GRUB, ètò tí ń béèrè irú ètò ìdarí tí a fẹ́ lò, ti ń ka ìlànà rẹ̀. Bí ìpín náà bá lọ lójijì, ohun tí onítọ̀hún lè bá lójú ẹ̀rọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ méjì: grub rescue.

5. Ìmúrasílẹ̀ àti yíyọ

Lẹ́yìn tí a bá ti dá ìpín mọ̀, ìgbésẹ̀ tí ó kàn nìyí:

(a) Kí á da gbogbo fáìlì tí a kò fẹ́ sọnù kọ sí dísìkì mìíràn. Ẹ̀dà tí ó wà lórí dísìkì kan náà kì í ṣe ẹ̀dà, nítorí pé ẹnìkan kì í kó ìwé ilé rẹ̀ pamọ́ sínú ilé tí ó ń bẹ̀rù pé yóò jó.

(b) Kí á da ìwé-àlà fúnra rẹ̀ kọ. Àṣẹ sfdisk --dump /dev/sda yóò kọ gbogbo àlà jáde ní ọ̀rọ̀ lásán tí ènìyàn lè kà. Kí á tọ́jú rẹ̀ sórí fúláàṣì. Bí a bá yọ ìpín tí kò yẹ, tí a kò sì tí ì kọ nǹkan mìíràn lé e lórí, ìwé yìí ni a ó fi dá àlà padà.

(d) Kí á yẹ fáìlì /etc/fstab wò. Ibẹ̀ ni Linux ń kọ orúkọ àwọn ìpín tí yóò máa ṣí nígbà tí ó bá jí. Bí orúkọ ìpín tí a fẹ́ yọ bá wà níbẹ̀, kí á yọ ìlà rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ní ọ̀pọ̀ irú Linux, ẹ̀rọ yóò dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 90 kí ó máa wá ohun tí kò sí, ó sì lè kọ̀ láti jí tán.

(e) Kí á dẹ́kun lílo ìpín náà. Àṣẹ umount ni a fi ń ṣe èyí. Bí ó bá jẹ́ ìpín swap, swapoff ni.

Ìgbà náà ni a ó wá yọ ọ́. Irinṣẹ́ mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀, ìwà wọn kò sì dọ́gba. Fdisk kì í kọ ohunkóhun sórí dísìkì títí a ó fi tẹ w. A ó tẹ d láti yọ, a ó sọ nọ́ńbà ìpín, a ó tẹ p láti tún wo ìwé-àlà bí yóò ti rí. Bí ọkàn wa kò bá balẹ̀, a ó tẹ q, gbogbo rẹ̀ yóò sì dà bí ẹni pé a kò ṣe é rárá. GParted, tí ó ní àwòrán lójú ẹ̀rọ, a máa to iṣẹ́ jọ títí a ó fi pàṣẹ pé kí ó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n parted kì í dúró: bí a bá ti pàṣẹ rm, ó ti ṣe é tán. Ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi parted bẹ̀rẹ̀.

Kí á tún ṣọ́ra fún orúkọ. Bí a bá jí ẹ̀rọ láti orí fúláàṣì, èyí tí ó jẹ́ sda lánàá lè di sdb lónìí. Títóbi àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe dísìkì ni kí á fi dá a mọ̀. Bákan náà, lórí dísìkì oní-MBR, bí a bá yọ sda5 tí ó wà nínú ìpín ńlá, èyí tí ó ń jẹ́ sda6 yóò gba orúkọ sda5. Nítorí náà, bí a bá ń yọ ju ẹyọ kan lọ, kí á máa tún ìwé-àlà wò lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

6. Àyè tí ó ṣófo àti ọ̀rọ̀ iná mànàmáná

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ti yọ sda2, sda3 àti sda4, àyè tí ó lé ní gígábáìtì 200 yóò ṣófo. Ẹ ó ṣe àkíyèsí pé iwájú sda5 ni àyè náà wà, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí sda5 gbà á mọ́ra, GParted ní láti kó gbogbo ohun tí ó wà nínú sda5 síwájú. Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ pátápátá sí yíyọ. Yíyọ ń gba ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kíkó lè gba wákàtí púpọ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín rẹ̀, tí bátìrì tòkunbọ̀ náà kò sì lágbára mọ́, ìpín tí ó wà ní agbede méjì lè bàjẹ́ tí kò ní ṣeé tún ṣe.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tí kò ní ìnfátà tàbí bátìrì tí ó dájú má ṣe dáwọ́ lé e. Kí ó kúkú dá ìpín tuntun sílẹ̀ nínú àyè tí ó ṣófo, kí ó fi mkfs.ext4 sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rùsí, kí ó sì máa kó fáìlì rẹ̀ síbẹ̀. Kò sí ohun tí yóò kó kúrò níbi tí ó wà, àyè yóò sì gbà á bákan náà.

7. Ohun tí ó kù lẹ́yìn

A ti sọ pé ilé kì í wó nítorí pé a fa sọ́fè ya. Ẹni tí ó ṣèèṣì yọ ìpín lè yọ̀ sí èyí. Ètò TestDisk, tí Christophe Grenier ará ilẹ̀ Faransé kọ, a máa wo dísìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a máa wá àmì ìbẹ̀rẹ̀ ètò fáìlì, a sì lè tún ìwé-àlà kọ láti inú ohun tí ó bá rí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ara tẹ̀ ẹ́ jù. Lórí dísìkì SSD, bí a bá ti fi mkfs.ext4 ṣe ìpín tuntun, àṣẹ náà a máa sọ fún dísìkì pé ohun tí ó wà níbẹ̀ kò wúlò mọ́, dísìkì náà sì lè nu ún nù fúnra rẹ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ ta ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní ìdí láti yọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2003, Simson Garfinkel àti Abhi Shelat ti ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ra ògbólógbòó dísìkì 158. Nínú 129 tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, 12 péré ni wọ́n nù bí ó ti yẹ. Wọ́n rí nọ́ńbà káàdì ìrajà tí ó lé ní 5,000, wọ́n sì rí lẹ́tà àti ìwé àṣírí àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà wá sí Èkó láti wádìí òwò ẹ̀rọ tòkunbọ̀. Wọ́n ra dísìkì nínú ọjà wa, wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì bá àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ní òkè òkun nínú wọn.

Nígbà náà, tiwọn ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Lónìí, àwa náà ń ta. Oníṣirò owó ní Lekki, olùkọ́ ní Ajah, nọ́ọ̀sì ní Sangotedo, gbogbo wọn ni wọ́n ń ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ láti ra tuntun. Orúkọ àwọn aláìsàn, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ àti àmì ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè wà nínú rẹ̀. Òfin Ààbò Àkọsílẹ̀ Ara Ẹni ti ilẹ̀ Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, gbé ẹrù ìtọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lé ẹni tí ó kó o jọ lórí. Kò tó kí onítọ̀hún sọ pé òun ti yọ ìpín kúrò.

Kí ni ó yẹ kí ó ṣe? Bí dísìkì bá jẹ́ irú èyí tí ń yí, àṣẹ shred -n 1 yóò kọ ohun tí kò nítumọ̀ lé gbogbo rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tó fún dísìkì ìsinsìnyí. Bí ó bá jẹ́ SSD, àṣẹ ìnùnù tí ó wà nínú dísìkì náà ni ó dára jù. Lórí NVMe, nvme format ni a fi ń pè é. Èyí tí ó dára ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí á ti fi LUKS ti dísìkì pa láti ọjọ́ tí a ti fi Linux sí i. Bí a bá pa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ run, ohun tí ó kù kò lè yé ẹnikẹ́ni.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìwé ni ìpín, kì í ṣe ilẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ yọ ọ́ ní láti mọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀, kí ó da fáìlì àti ìwé-àlà kọ sí ibòmíràn, kí ó má sì ṣe fọwọ́ kan ìpín tí ń jí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó fẹ́ fa dísìkì lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní iṣẹ́ kejì láti ṣe, èyí ni láti nu ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nù.

Ní agbègbè tí a ń gbé yìí, àwọn ènìyàn ti fi owó ńlá kọ́gbọ́n pé ìwé ilẹ̀ ọ̀tọ̀, ilẹ̀ gan-an ọ̀tọ̀. Wọn kì í ra ilẹ̀ láì dé ibẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí á mú ojú kan náà lọ sídìí kọ̀ǹpútà: kí á wo ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ kí á tó fa ìwé ya, kí á sì tún padà wò ó lẹ́yìn tí a bá ti fà á ya tán.